Oúnjẹ Tútù Tó Ní Káfúrà Nínú

Òkè-Àgbọ̀n,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Ọláṣùpọ̀ Àkànó ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù. Ṣé ara le? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n fi ojú mi sunkún rẹ, àmín. Bí o bá béèrè wa, gbogbo wa wà, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bímọ, ó sì ti jẹ etí aṣọ ìrun mi, èmi àti òun kò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Safurat àbúrò rẹ ní kí n kí ọ. Òun ló máa ń bá mi kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí, pẹ̀lú ìwọ̀nba ìwé tí mo kà ní ilé-ìwé àgbà, torí n kò fẹ́ kí ó mọ ohun tí mo fẹ́ bi ọ́.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ ni. Nígbà tí o ní ilé-iṣẹ́ áísìkirìmù ní Àpápá gbà ọ́, inú mi dùn, mo pín sàárà. Ṣùgbọ́n ohùn tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù, tí o fi ń ròyìn ibi tí ọ̀gá yín ní áísìkirìmù ti ṣẹ̀ wá, láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. O ní láyé àtijọ́, nílẹ̀ Páṣíà tí oòrùn ti mú ju tiwa lọ, wọ́n á gbẹ́ ihò jíjìn sínú ilẹ̀, wọ́n á fi amọ̀ mọ òrùlé ribiti lé e, wọ́n á gbé yìnyín sínú rẹ̀, wọ́n á fi koríko gbígbẹ bò ó, kò sì ní yọ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi dé. Ọmọ mi, ihò tí a gbẹ́, tí a gbé nǹkan tútù sí, tí a bò mọ́lẹ̀, ṣé ihò oúnjẹ nìyẹn? O tún ní ọba kan wà ní Ṣáínà tó ní àwọn ènìyàn tí iṣẹ́ wọn kò ju yìnyín lọ, pé wàrà ẹfọ̀n àti ìyẹ̀fun àti káfúrà ni wọ́n ń pò pọ̀ fún un. Káfúrà kẹ̀! Ìwọ náà kúkú mọ̀ pé èmi ni mo ń wẹ àwọn obìnrin wa tó bá kú ládùúgbò yìí. Omi ìkẹyìn tí mo ń dà sí wọn lára, káfúrà ló ń wà nínú rẹ̀. N kò tíì rí alààyè tó fi jẹun rí.

Ni mo bá rántí ọjọ́ tí o kúrò nílé. Bọ́ọ̀sì kan ṣubú sódò lọ́nà Èkó lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní o kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí ọ. Fóònù rẹ kò lọ. A ti ń ka Yásín fún ọ bí ẹni tó ti kú nígbà tí o fi nọ́ńbà mìíràn pè pé o ti dé Ajégúnlẹ̀, pé fóònù rẹ bọ́ sómi. Mo jó, mo yọ̀, n kò béèrè pé omi wo. Iléyá méjì ti kọjá báyìí, o kò wálé.

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ìyẹn ni mo ṣe ní kí Safurat fi fóònù tó ń fi ojú hàn pè ọ́. Aṣọ funfun lo wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ náà wọ funfun. Èéfín ń jáde lẹ́nu rẹ, ìwọ tí o kì í mu sìgá, yìnyín sì wà ní ìpéǹpéjú rẹ. Mo ní kí o rẹ́rìn-ín sí mi, o kàn dúró gbagidi, ẹnu rẹ là, ojú rẹ là, o kò ṣẹ́jú. Safurat ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo mọ ojú tí kò lè ṣẹ́ mọ́, ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń pa á dé. Mo na ọwọ́ sí ojú rẹ nínú fóònù kí n bá ọ pa á dé, bí mo ti fọwọ́ kàn án ni gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn. Lọ́jọ́ kejì, Tega, ọmọ Wàrí tí ẹ jọ ń gbé yàrá, ló gbé fóònù rẹ. Ó ní o wà nínú òtútù, ó ní béèyàn bá ti wọ ibẹ̀, a kì í rí i pè mọ́.

Ọláṣùpọ̀, ṣé o wà láàyè? Àbí àkúdàáyà ni ọ́, tó kú lọ́nà tó wá ń gbé ìlú mìíràn bí ènìyàn? Mo kọ́kọ́ fi owó tí o fi ránṣẹ́ tu ara mi nínú, torí wọ́n ní owó àkúdàáyà, ewé ni í dà, bẹ́ẹ̀ onípíóòésì ka náírà tòótọ́ fún mi. Àmọ́ Bàbá Ọlábọ̀dé, tíṣà tó ti kú tipẹ́, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ṣì ń wọlé lóṣooṣù. Báǹkì kò mọ ẹni tó ti kú.

Ìsìmáílà, ọkọ Kafilat aládùúgbò wa, tó ń wa tírélà lọ sí Àpápá, ní kí n fún òun ní gàrí kí òun bá mi gbé e fún ọ níbi iṣẹ́ yín ní Malu Road. Mo ní n kò tíì yan gàrí. Irọ́ ni, ó ti wà nínú àpò. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé bí ẹni ilé bá fojú kan àkúdàáyà, ó di àwátì nìyẹn. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé ọ kúrò níbẹ̀.

Páànù ilé ìdáná ń jò, bí owó díẹ̀ bá wà, fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ jù ni ẹ̀wù kan tí o fi làágùn. Má fọ̀ ọ́ o. Mo mọ òórùn rẹ láti ìgbà tí o ti ń mu ọmú mi, òkú kì í sì í làágùn. Fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ mẹ́gádì ilé-iṣẹ́ yín, Ìsìmáílà á gbà á níbẹ̀, má jẹ́ kí ó rí ọ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ara rẹ tutù. Oòrùn á máa ràn dé ọ̀dọ̀ rẹ. O ò ní jẹ oúnjẹ tí kì í ṣe ti alààyè, àmín.

Àmọ́ bí kò bá sí òógùn lára rẹ mọ́, ọmọ mi, má fi ẹ̀wù kankan ránṣẹ́. Jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀, kí o ṣáà máa pè mí. N kò ní bi ọ́ mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mujeedat.