Ọmọrí Gíláàsì Jìmí

                                        Yàrá 14, Linnet House,
                                        Peckham,
                                        London SE15.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, 2025.

Babátúnjí, ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún rẹ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà ọyẹ́, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Mo gbọ́ pé ìyá yín àgbà ti ń jáde jókòó síwájú ilé báyìí. Bá mi kí wọn gidigidi, kí Ọlọ́run túbọ̀ fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ sì kú òjò o, wọ́n ní Ìgbòho ti tutù yọ̀yọ̀. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Mùínàt ìyàwó mi ń kí ọ, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ṣì ń ṣe. Nusaybah ọmọ wa náà wà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó sì ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló bí mi.

Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ lórí fóònù ní oṣù kẹta ló fà á, nígbà tí o fi hóró ilá ìyá mi ránṣẹ́ sí mi. O ní ogójì ni. Mo kà á, mo bá mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo ní ìwọ tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, o kò lè ka ilá. O bínú, o pa fóònù mọ́ mi létí, o sì jàre. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jìmí, torí bí mi ò bá sọ ọ́, yóò pa mí sínú.

O rántí pé mo sọ fún ọ nípa ilẹ̀ tí káńsù gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń yá àwọn ará àdúgbò láti fi dáko. Tèmi kò ju yàrá méjì lọ ní fífẹ̀. Ti Jìmí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, okùn kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Peckham níbí ni wọ́n bí i sí. Ọ́fíìsì ló ń ṣiṣẹ́ ní Elephant and Castle, kọ̀ǹpútà ló ń tẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìjọ aláṣọ funfun ni òun àti ìyá rẹ̀ ń lọ. Tó bá di ọ̀sán Sọ́ńdè, yóò ti ibẹ̀ gba oko wá, yóò ká sùtánà sókè sínú kóòtù, yóò wá ki ẹsẹ̀ tí kò rí bàtà láti àárọ̀ bọ bàtà òjò aláwọ̀ ewé tó ga dé orúnkún. Ọmọ tí kò fojú kan ebè rí láyé! Orí fóònù ló ti kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Yóò wo fídíò kan, yóò walẹ̀ díẹ̀, yóò tún wo fídíò.

Ó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń tì bọ ilẹ̀ láti mọ bí ilẹ̀ ṣe gbóná tó, bíi nọ́ọ̀sì tó ń wo ibà ọmọ. Ìyẹn kò tó o, ó tún lọ ra ọmọrí gíláàsì mẹ́fà. Gíláàsì, Babátúnjí! Ó rí bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ibi ìdìmú lórí. Cloche lòun ń pè é. Ó tò wọ́n sórí ilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, kò sì sí nǹkan kan lábẹ́ wọn. Mo bi í pé kí ló ń sè níbẹ̀. Ó ní ilẹ̀ lòun ń mú gbóná. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Ilẹ̀ tí Ọlọ́run tẹ́, ọmọ yìí fẹ́ dé e bí ìṣasùn ọbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ́ ní Jìmí Ọlọ́mọrí, gbogbo Yorùbá tó wà lóko ló sì bá mi pè é bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, o mọ ohun tí ilá yẹn jẹ́ sí mi. Wọ́n ti sin ìyá mi kí n tó rí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú rà. Bí ẹ̀sìn wa ṣe wí náà nìyẹn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ìwọ lo bá mi dúró níbẹ̀, ìwọ lo bu erùpẹ̀ tó yẹ kí n bù. Nígbà tí o wá sọ pé kòkòrò ti jẹ gbogbo ilá inú akèrègbè wọn, pé èyí tí o rí ṣà nìkan ló kù, o ní kí a pín in, kí ìwọ gbin ìdajì nílé. Èmi ni mo kọ̀. Mo ní ta ló ṣì mọ oko í ro nílé, nígbà tí gbogbo wọn ti gun ọ̀kadà lọ. Mo ní kí o kó gbogbo rẹ̀ wá, pé èmi ọmọ àgbẹ̀ yóò gbìn ín, n ó sì dá irúgbìn padà fún ọ kí ọdún tó parí. Ẹnu mi náà nìyẹn. Àmínát tó ń gbé ní Stockwell ló gbé e dé, Nusaybah ló sì lọ bá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìparí oṣù kẹta, àrá sán lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ńlá sì tẹ̀lé e. O mọ bí bàbá mi ṣe ń ṣe tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, kì í jẹ́ kó kọjá. Ara mi kò gbà á. Mo gbé ọkọ́, mo lọ gbin ogún hóró sínú òjò yẹn. Jìmí wà níbẹ̀ pẹ̀lú irin ibà rẹ̀. Ó ní, "Uncle, ilẹ̀ ṣì cold gan o. Eight degrees ni. Ilá ò lè survive ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yá yín ní cloche méjì." Mo ní ìwọ tí wọ́n bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ híítà, kí lo mọ̀ nípa ohun tí ilá fẹ́? Mo ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kò gbọ́ òwe náà. Nusaybah tó gbé tíì wá fún mi ló bi pé kí ni wọ́n ń pè ní àkísà. Mo pòṣé, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, nǹkan kan kò yọ. Mo fi ìka tú ilẹ̀. Àwọn hóró náà ti rọ̀, wọ́n ń rùn bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi tí wọ́n gbàgbé. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò wọ́n. Ogójì ọdún ó dín díẹ̀ ni mo ti wà nílùú yìí, kò sì yé mi rí àfi lọ́jọ́ náà. Nílé, omi là ń dúró dè. Oòrùn kì í wọ́n wa. Níbí, omi ò wọ́n ẹnikẹ́ni, ooru ni wọ́n ń dúró dè. Òjò tí mo sáré tẹ̀lé kì í ṣe òjò bàbá mi.

O rò pé mo lọ bá Jìmí? Kí n lọ tọrọ ọmọrí lọ́wọ́ ọmọ yẹn? Ó kù hóró mẹ́rìnlá. Mo wọlé, mo mú kẹ́ẹ̀gì omi Sámúsámù mẹ́rin tí Mùínàt gbé láti Mẹ́kà, omi ti tán nínú wọn, mo gé ìdí wọn dànù. Mùínàt bá mi nídìí ẹ̀. Ó ní, "Tàjù, kẹ́ẹ̀gì tí mo gbé la customs kọjá! Ẹ fẹ́ fi dé ewé?" Ọjọ́ méjì ni kò fi dá mi lóhùn. Mo gbin hóró náà, mo fi kẹ́ẹ̀gì dé wọn, mo fi òkúta tẹ ẹ̀gbẹ́ wọn, mo sì dé ẹnu wọn pinpin kí òtútù má baà rí ibi wọlé.

Babátúnjí, ó hù! Mọ́kànlá ló yọ jáde. Inú mi dùn bí ọmọdé. Mo pe Jìmí wá sí ìdí okùn, mo ní kó wá wo ọmọrí ọ̀fẹ́. Ní àsìkò yẹn òun náà ti gbin nǹkan sábẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n gíláàsì yẹn máa ń láàgùn nínú, ewé lásán lo máa rí bàìbàì. Mi ò bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó wo tèmi, ó ní ó dáa gan-an. Ó wá ní, "Àmọ́ Uncle, tí sun bá ti jáde, ẹ máa ṣí i o. Ẹ fi igi gbé e sókè díẹ̀ kí air wọlé." Ọmọ tó ní kí n dé e náà ló tún ń ní kí n ṣí i! Mo sọ fún un pé kó lọ jókòó sí ibì kan.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn, a lọ sí ìsoyìgì ọmọ ẹ̀gbọ́n Mùínàt ní Birmingham. Oòrùn mú ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn bí ẹni pé Ìgbòho ni. Nígbà tí mo padà dé, tí mo ṣí kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́, ooru ló kọ́kọ́ gbá mi lójú. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló ti sùn sílẹ̀, ewé wọn rí bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀. Mo ti se ilá ìyá mi láìsí iná. Mo jókòó sórí korobá, mi ò lè dìde. Mo ronú pé ohun tó kù nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn láyé, èmi ọmọ wọn ni mo pa á, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi dé e.

Ìgbà náà ni Jìmí wá dúró tì mí tó ń kí mi pẹ̀lẹ́. Ó ní òun ní nǹkan kan tí òun fẹ́ kí n wá wò. Inú wá bí mi sí i. Mo sọ fún un pé mi ò fẹ́ wo nǹkan kan, pé ohun tó wà lábẹ́ ọmọrí rẹ̀ yẹn, ewúrẹ́ ìyá mi kò ní fi imú kàn án. Ó wo bàtà òjò rẹ̀, ó sì padà sí oko rẹ̀. Mi ò sì dé ibẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Sátidé tó kọjá, Nusaybah ló fà mí lọ́wọ́ jáde. A dé oko, Jìmí ti ká gbogbo ọmọrí rẹ̀ kúrò, ó ní ooru ti tó. Ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ mẹ́fà, wọ́n dúró gangan, wọ́n ga dé orúnkún mi. Ẹsẹ̀ wọn pupa. Iṣan ewé wọn pupa títí dé etí. Babátúnjí, èmi àti ìwọ ni ìyá mi máa ń rán lọ já ilá yẹn, o mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn tó ní ilá ẹlẹ́sẹ̀ pupa ní gbogbo àdúgbò wa. Mo rántí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tí mo sọ.

Mo wo Nusaybah. Ó ní, "Daddy, ẹ má bínú. Èmi ni mo mú six nínú ẹ̀ fún Jìmí kí n tó gbé e fún yín. Last year ẹ gbin ata nínú òtútù, gbogbo ẹ̀ kú. Mi ò fẹ́ kí ti Grandma náà kú." Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Ẹ ò bá ti gbà á padà, àbí?" Òótọ́ ni. Ǹ bá gbà á, ǹ bá sì ti pa á bí àwọn yòókù. Jìmí ní, "Uncle, tiyín ni. Mo kàn ń bá yín keep ẹ̀ ni."

Má rò pé mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo wò ó tìkà-tẹ̀gbin láti orí dé bàtà, mo wá àléébù tí mo lè tọ́ka sí, mo sì rí ọ̀kan. Mo ní o ò wa erùpẹ̀ sí ìdí wọn. Mo ní ìyá mi kì í fi ìdí ilá sílẹ̀ níhòòhò, afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo ló máa bì wọ́n ṣubú. Ó ní ìyẹn ò sí nínú fídíò. Ó ní, "Ẹ show mi, Uncle."

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ọwọ́ lásán ni mo fi bu erùpẹ̀, mo ń wa á sí ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ìyá mi ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dé ìdí ẹ̀kẹta, ẹkún gbé mi. Ohun tí mi ò rí ṣe fún wọn nílé ni mò ń ṣe níbẹ̀, lójú ọmọ ọlọ́mọ. Jìmí bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sí òdìkejì, ó ń bá mi bu erùpẹ̀.

Má ṣe pa òwe pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n fún mi nínú èsì rẹ o. Mo ti pa á fún ara mi. Bàtà yẹn ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín, mi ò sì ní yé pè é ní Ọlọ́mọrí. Àmọ́ tó bá ti lọ sí ọ́fíìsì, èmi ni mò ń dúró ti ilá náà, èmi ni mò ń bomi rin ín. A kò ní jẹ èso rẹ̀ kankan lọ́dún yìí. A óò jẹ́ kó gbẹ lórí igi, ìdajì rẹ̀ ni n ó sì fi ránṣẹ́ sí ọ, kí o gbìn ín nílé bí o ṣe fẹ́ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Bá mi dé ìdí sàréè ìyá mi tí o bá ráyè, kí o sọ fún wọn pé mẹ́fà kù.

Ogójì ni, ọ̀rẹ́ mi. O kà á pé. Dárí jì mí.

Tìrẹ náà ni mo ṣì jẹ́, bí o bá ṣì gbà mí,

Tàjùdéèn.