Ohùn Tó Ba Ìlù Etí Jẹ́

Ojúlé Kẹtàdínlógún, Àjà Kejì,
Òpópó Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Kí n má purọ́, ẹ kú ọdún méjì. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n ní ẹ bí, tí mi ò tíì fojú rí, ṣé ó ti ń rìn? Ṣé kò jọ mí? Bó bá jọ mí, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ara Màmá le, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Bí lẹ́tà yín bá dé, wọ́n á kà á sókè, èmi á wá dákẹ́, màá máa dúró de ibi tí ẹ ti máa kí mi. Ẹ kì í débẹ̀. Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ kí ẹ padà máa bá mi sọ̀rọ̀ ni. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ya á.

Mo ti ríṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi yìí náà tí wọ́n lé nílé-ìwé torí mo fi ohùn ọ̀gá àgbà ní kí gbogbo kíláàsì máa lọ sílé láago mẹ́wàá. Ọ̀dọ̀ dókítà obìnrin kan tó ń wádìí ìlù etí ni mo wà báyìí. Awọ kan ni, inú ihò etí ló wà, kò tó èékánná ìka kékeré, kò sì nípọn ju bébà yìí lọ. Síbẹ̀, ìpele mẹ́ta ló ní: awọ òde, awọ inú tó ń yọ̀ bí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, àti fọ́nrán tín-ín-tìn-tín láàárín. Ká tó lè rí i, a óò rì í sínú ìda gbígbóná, yóò dì, Bàbá Alábẹ, àgbàlagbà tó ń bá wa lo ọ̀bẹ níbẹ̀, á wá gé e wẹ́wẹ́ fún dókítà náà, Ọ̀gá wa, láti fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wò. Ó gbọ́dọ̀ dúró gangan nínú ìda náà, bí ìwé tó wà lórí pẹpẹ, kí ọ̀bẹ lè la mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó parí.

Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Ohùn Ọ̀gá dùn ún sín jẹ. Imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, wọ́n á tún wá fa ìparí ẹ̀ bí ẹni ń fa ṣingọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ tí wọ́n rìnrìn àjò, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi ohùn wọn pè: “Bàbáaa, ẹ tẹ́ tòní sílẹ̀ pẹrẹsẹ ooo!” Mo rò pé Bàbá Alábẹ á jiyàn, màá jáde, a óò jọ rẹ́rìn-ín. “Ó dáa, mà,” ni wọ́n sọ. Kí n tó yọjú, ẹnì kan pè mí pé kí n wá gbé páálí nísàlẹ̀. Ìgbà tí mo padà dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́, wọ́n ti gé e tán. Ìlù etí ọkùnrin kan tó yọ̀ǹda ara ẹ̀ fún ẹ̀kọ́ kó tó kú ni. Ó ti ya rí nígbà èwe ẹ̀, ó sì fúnra ẹ̀ jinná. Ọdún kan gbáko ni Ọ̀gá fi wá irú ẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀gá dé, wọ́n wo inú awò, wọ́n yíjú sí Bàbá Alábẹ.

“Ta ló ní kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Èmi tí mi ò sí nílùú?”

“Ohùn yín ni mo gbọ́ ketekete, mà.”

Àánú wọn ṣe Ọ̀gá. Wọ́n rọra ní bóyá ó ti tó àkókò kí Bàbá lọ sinmi nílé. Bàbá Alábẹ fọwọ́ kan etí wọn, wọ́n wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ojú yẹn. Ojú yín ni. Ojú tí ẹ fi wò mí lọ́jọ́ tí mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, nígbà tí ìsìnkú Dádì kò tíì pé oṣù méjì, tí mo fi ohùn wọn pè yín: “Ìyá mi dà? Wá ṣílẹ̀kùn fún mi.” Ẹsẹ̀ kan bàtà lẹ fi sáré jáde. Èmi ń rẹ́rìn-ín.

Mo sọ fún Ọ̀gá pé, “Èmi ni o. Èmi ni mo pè wọ́n.” Kí wọ́n lè gbà mí gbọ́, mo fi ohùn Ọ̀gá tún un sọ.

“Ọmọ burúkú!” Bàbá Alábẹ fò dìde. “O fẹ́ sọ mí di aṣiwèrè lọ́sàn-án gangan! Ẹnu ẹ yìí ló yẹ kí n gé wẹ́wẹ́!”

Ọ̀gá ò pariwo. Wọ́n fi etí fà mí dé ìdí awò. “Wo ohun tí o bà jẹ́.”

Mo wò ó. Fọ́nrán ni mo rí, àwọn kan nà láti àárín bí irin wẹ́wẹ́ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere, àwọn mìíràn yí wọn po. Ó rẹwà débi pé mo gbàgbé pé mo ti jẹ̀bi. Àfi ojú kan tó ṣófo, tó mọ́ bí omi. Ọ̀gá ní ibẹ̀ ló ti ya: awọ òde jinná, awọ inú jinná, wọ́n pa ihò náà dé, àmọ́ fọ́nrán àárín kì í sábà padà hun ara ẹ̀.

Mo ní, “Ṣé ó ṣì ń gbọ́ràn lẹ́yìn tó jinná?”

Wọ́n ní, “Ó ń gbọ́ràn. Ó kàn gbẹgẹ́ níbẹ̀ ni.”

Wọn ò lé Bàbá Alábẹ. Èmi ni mo ń fọ gíláàsì fún oṣù mẹ́ta, mi ò sì gbọdọ̀ wọ yàrá kankan láìkọ́kọ́ sọ pé, “Èmi ni o.”

Ẹ̀gbọ́n mi, àárò yín ń sọ mí. Kò sẹ́ni tó ń ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ mọ́, mo sì ti jókòó jẹ́ẹ́ títí ó fi sú mi. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi fẹnu ko ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́. Màmá ní kí ẹ máa jẹun dáadáa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Láti ọjọ́ tí ẹ sáré jáde yẹn, mi ò sín Dádì jẹ mọ́, mo fi Ọlọ́run búra. Àmọ́ ohùn mi ti yí padà lọ́dún tó kọjá. Mo kàn ní kí Màmá bá mi na iyọ̀ ni, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìdí tí mi ò fi pè yín lórí fóònù nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, láago mẹ́rin, màá pè. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Mi ò ṣeré. Bí èmi gan-an ṣe ń sọ̀rọ̀ báyìí nìyẹn.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀ rí,
Ayékòótọ́.