Èmi Ni Mo Pọ̀n Ọ́n

Bàbá Mujeeb,

Mo kí yín láti ilé Mujeeb ní Àbújá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a wo eré tí wọ́n fi ìwé aláwòrán tí Mujeeb yà ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n. Nínú ìwé, mo pọ̀n ọ́n láti Àfìn dé ọsibítù Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ tí ejò ṣán an. Nínú eré, ọlọ́kọ̀ kan ló gbé e. Èmi jókòó sẹ́bàá títì, mò ń sunkún.

Mujeeb ní, "Ìyá, wọ́n ní ẹkún làwọn èèyàn fẹ́ wò."

Mo ní, "Ta ló ń ráyè sunkún nígbà tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀?"

Kò tíì fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù láti ìgbà tó ti rí i pé wọ́n yí ìtàn rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Mi ò ní í wálé àfi tó bá yàwòrán. Orúnkún mi ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí.

Ẹ bá mi kí Habeebat ọmọ wa l'Ọ̀kà. Kó sọ fáwọn ọmọ rẹ̀ pé ìyá àgbà ló pọ̀n Mujeeb.