Bàbá Mi, Èmi Ni Kí Ẹ Bi Nípa Àgbọ̀nrín Náà

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Èmi Ràmọ́tà ló kúnlẹ̀ kí yín láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Màmá mi, ẹ kú iṣẹ́ irú, ẹ kú èéfín. Ẹ̀gbọ́n mi Kàmọ́rù, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ẹ̀yin ìyàwó ilé wa ní Ṣakí, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara wa le níhìn-ín, Ọlọ́run la dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo fi lẹ́tà mi sí. Mo mọ̀ pé Kàmọ́rù máa ń ka ìwé ìròyìn yìí sókè fún yín níwájú àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ yín lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Bí mo bá pè yín lórí fóònù, ẹ ó bi mí bóyá mo ti jẹun, mi ò sì ní tíì dáhùn tán tí ẹ ó fi ní, "Gbé fóònù fún ọmọ mi." Ọkọ mi ti wá di ọmọ, èmi ni mo wá ń gbé fóònù kiri. Lẹ́tà yìí, kò sí bí ẹ ṣe máa ní kí n gbé e fún un.

Ilé ọkọ dùn, Bàbá. Ó dùn débi pé bí mo bá ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo máa ń dá rẹ́rìn-ín lórí ẹ̀rọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ní ìyàwó tuntun ti tún bẹ̀rẹ̀. Owó ibẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ mi ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀, a ń jẹ, a ń yó. Ìyá ọkọ mi ti kọ́ mi ní ìkọ́kọrẹ́, mo sì ti ń sè é débi pé wọ́n ń ní kí n bù kún un. Òjò wọn nìkan ni mi ò tíì mọ̀ lò. Tiwa á rọ̀, á sì lọ. Tibí á jókòó ti ènìyàn bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Nígbà òjò báyìí, tí àwọn ará ilé bá ń fi èdè Ìjẹ̀bú wọn sọ̀rọ̀ kíákíá, mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, kí n má baà dá yàtọ̀. Ìgbà yẹn ni àárò ilé máa ń sọ mí. Ìgbà yẹn náà ni mo sì máa ń gbọ́ ohùn yín nínú fóònù ọkọ mi, tí ẹ ń bá a tàkúrọ̀sọ. Mo ń jowú, Bàbá. Mo ń jowú ọkọ mi nítorí yín.

Àgbọ̀nrín àkọ́kọ́ ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ti gbọ́, ṣùgbọ́n kí àwọn tó jókòó tì yín náà gbọ́. Ọkọ mi ní ìbọn, ó ní ìwé àṣẹ rẹ̀, ó sì ti pinnu pé ẹran ńlá tí òun bá kọ́kọ́ pa lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, itan rẹ̀ kan di ti àna òun. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé bí ọta bá le jù, ẹran á ti kú kí ọ̀bẹ tó dé ọrùn rẹ̀, òun kò sì lè fi ẹran tí òun kò dúńbú ránṣẹ́ sí ilé yín. Ló bá mọ̀ọ́mọ̀ ki ọta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń pa ọ̀yà sínú ìbọn, kó ṣáà dá ẹran náà dúró, kó máa mí títí òun á fi dé ibẹ̀. Àgbọ̀nrín náà kò dúró. Ó gbé ọta sára sá wọ inú irà. Ọkọ mi tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí nínú koríko, kò rí i. Igún ló fi ibi tó kú sí hàn án lọ́jọ́ kejì. Ó délé, kò lè jẹun. Mo bi í ní ohun tó ṣe é, ó ní kò sí nǹkan kan. Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó pè yín. Ojú fèrèsé ni èmi aya rẹ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ilé mi.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti ń pe ara yín. Mo ń gbọ́ o. Ẹ ní ọta kékeré kì í ṣe àánú fún ẹran ńlá. Ẹ ní kó ra ọta olóhóró ńlá, èyí tí hóró rẹ̀ kò pọ̀ ṣùgbọ́n tó wúwo, tó lè la awọ àti ìhà kọjá dé ibi tí ẹ̀mí wà. Kó má yìn ín àfi tí ẹran bá fi ẹ̀gbẹ́ dúró, kó fojú sun ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Bó bá kọ ìdí sí i, kó jẹ́ kó máa lọ. Kó pe Bísímílà kó tó fà á. Ẹ ní ẹran tí ọta gidi bá wó síbi tó dúró sí ṣì máa ń ní èémí díẹ̀, ẹsẹ̀ ọdẹ ló yẹ kó yá, kì í ṣe ọta ló yẹ kó kéré. Ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára àpò ọdẹ yín láti kékeré, ẹ kò sọ ọ́ fún mi rí. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo fọwọ́ kan ọta yín, ariwo tí ẹ pa ṣì wà létí mi. Kàmọ́rù tó ń sá wọlé bí ìbọn bá ti dún lẹ ń kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kà á bẹ́ẹ̀, ẹ má fò ó.

Èyí tó dùn mí jù ni ti igi irú wa. Ọkọ mi bi yín pé báwo ni ẹran ṣe gbọ́dọ̀ súnmọ́ tó kí òun tó yìn ín. Ẹ ní kó má jìn ju ẹnu ọ̀nà wa sí ìdí igi irú lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rí igi yẹn, lọ́jọ́ ìdána, èmi ló sì ń wò lọ́jọ́ náà. Ó pa fóònù, ó jókòó, ó ní òun kò rántí, ojú sì ń ti òun láti tún bi yín. Mo fọ abọ́ mi tán kí n tó dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ni mo mú ìgbálẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá ọkọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń gbálẹ̀ lọ bí mo ṣe ń gbá a ní Ṣakí láràárọ̀, mi ò gbójú sókè, títí ẹ̀yìn mi fi sọ fún mi pé mo ti gbá a jìnnà tó ìdí igi irú wa. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Ìyá ọkọ mi bi mí bóyá àlejò ń bọ̀ láti inú igbó. Ọkọ mi ri ọ̀pá mọ́ ibẹ̀, láràárọ̀ ló sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wo ọ̀pá náà títí ojú rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Ó dá mi lójú pé kò sọ èyí fún yín.

Ní Sátidé, ó jáde lẹ́yìn ìrun Àsúbà, ó sì gbé àgbọ̀nrín bọ̀. Ó ní ó fi ẹ̀gbẹ́ dúró, níbi tí ìgbálẹ̀ mi dé gẹ́lẹ́. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó wó síbẹ̀, èémí rẹ̀ kò sì tíì tán tí ọ̀bẹ fi dé ọrùn rẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń wá fóònù. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó lọ sùn, mo sì dá nìkan kun ẹran náà lẹ́yìnkùlé.

Mo ti yan itan ọ̀tún, dírẹ́bà á ti gbé e dé Ṣakí kí ẹ tó gbọ́ lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín. Ẹ kì í bi ọdẹ ní bí ẹran rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ibi tí ọta dúró sí nínú ẹran lẹ máa ń bi í, ibẹ̀ lẹ ti ń mọ̀ bóyá ẹran náà jìyà. Mo mọ ibi tí hóró kọ̀ọ̀kan dúró sí. Mo fọ̀ wọ́n, wọ́n wà nínú àpótí mi. Ọkọ mi bẹ̀ mí títí, mi ò sọ fún un. Bí ẹ bá pè é, ohun kan ṣoṣo tó máa sọ ni pé kí ẹ bi Ràmọ́tà.

Ẹ pe fóònù tèmi. Ẹ bi mí bóyá mo ti jẹun, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ fọwọ́ yín gbé ọmọ mi. Ojú Màmá kò ní í ríbi. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé àti àwọn ọdẹ tó ń gbọ́ lẹ́tà yìí.

Èmi ni,
Ràmọ́tà, ọmọ yín.
Ọmọ yín gan-an.