Ẹ Pa Ọ̀rọ̀ Irọ́ Rẹ́ Nínú Fáìlì Ọmọ Mi

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ọdẹ́jàyí,
Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kìíní, Ọdún 2026.

Olórí Ẹ̀ka Báyọ́lọ́jì,
Yunifásítì Òkè-Ọ̀sà,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ ÀTI Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÈTÒ Ẹ̀KỌ́ MOTỌ́LÁYỌ̀ ỌDẸ́YẸMÍ, AKẸ́KỌ̀Ọ́ ỌDÚN KẸTA

1. Safurat, ìyàwó mi, kú ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kìíní, ọdún 2025, ní kété tí ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. A sin ín kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì la fi jọ gbé. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo bá wá ti bẹ̀rẹ̀.

2. Èmi ni Rájí Ọdẹ́yẹmí, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. N kò lọ sí ilé ìwé. Èmi ni mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọládayọ̀, ọmọ mi àgbà, ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté, ní Wharf Road. Ó fẹ́ sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, mo kọ̀ fún un. Wọ́n sọ fún mi pé Yorùbá ni yín, èdè tí mo fi ṣẹ̀ sì ni mo fẹ́ fi jẹ́wọ́.

3. Motọ́láyọ̀ ni àbíkẹ́yìn wa. Ìyá rẹ̀ ló fi báyọ́lọ́jì sí i lórí. Safurat ń ṣe ìmọ́tótó ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Malu Road. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ibẹ̀ gbà á láyè kí ó fojú sí awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó sì rí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ó délé, ó ní bọ́tìnì ni, àfi bí ìgbà tí èèyàn da bọ́tìnì pupa sórí tábìlì télọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni a kò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn nínú ilé. Ọmọ náà kò ju ọdún mẹ́fà lọ nígbà yẹn. Ó jókòó, ó ń gbọ́.

4. Ìwé mẹ́fà péré ni Safurat kà, ṣùgbọ́n òun àti Motọ́láyọ̀ ni wọ́n jọ to ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọn á tẹ́ ẹní sí pálọ̀, wọn á kó agolo mílíìkì òfìfo jáde, wọn á kọ orúkọ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sára agolo kan. Èyí tí ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe á wà nísàlẹ̀, èyí tó gbára lé e á wà lókè. Mo ti kó ẹrù sínú ọkọ̀ òkun ní èbúté Àpápá fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kí kọ̀ntéénà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, nítorí náà ohun tí wọ́n ń ṣe yé mi ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Mo nawọ́ sí agolo kan tí wọ́n pè ní Jẹnẹ́tíìkì Kìíní. Mo ní mẹ́rin ló gun èyí lórí. Bí ẹ bá ṣi òun gbé, gbogbo rẹ̀ ló máa wó. Safurat ní, “Bàbá Ọládayọ̀, ẹ tún ti gbé wa dé inú ọkọ̀ òkun.” Ṣùgbọ́n ó mú pẹ́ńsùlù pupa, ó fa ìlà sára agolo náà.

5. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ nìyí. Ìforúkọsílẹ̀ fún sáà kejì ọdún kejì ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní ọdún tó kọjá, ó sì parí ní ọjọ́ keje oṣù Kejì. Láti ilé ni Motọ́láyọ̀ ti fi fóònù forúkọ sílẹ̀ fún gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀. Jẹnẹ́tíìkì Kìíní nìkan ni kò ṣeé fi fóònù ṣe. Ìjókòó ọgọ́ta ló wà ní yàrá àyẹ̀wò yín, ẹni tó bá fẹ́ ìjókòó gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá fọwọ́ síwèé. Kò wá. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejì ló tó dé ọ̀dọ̀ yín, wọ́n sì ti ti ìwé náà. Ó lé àwọn ẹ̀kọ́ yòókù bá, ó sì yege nínú gbogbo wọn.

6. Sáà kejì nìkan lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní Jẹnẹ́tíìkì Kìíní àti Kejì. Bí ó bá ṣe Kìíní lọ́dún yìí, Kejì di ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀kọ́ mẹ́ta tó gun Kejì á sì di ọdún kan sí i. Bí ọdún mẹ́rin ṣe di márùn-ún nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ọládayọ̀ ka ìwé ìlànà yín fún mi. Ó wà ní ojú ìwé kọkànlélógún pé Olórí Ẹ̀ka lè gba akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fìdí rẹmi rí láyè láti ṣe ẹ̀kọ́ kan pọ̀ mọ́ èyí tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Motọ́láyọ̀ kò fìdí rẹmi rí. Ó kọ̀wé sí yín ní oṣù Kọkànlá, ẹ kọ̀ fún un. Ìdí tí ẹ fi kọ̀ ni ohun tí Dókítà Fidelis, olùdámọ̀ràn ẹ̀kọ́ rẹ̀, kọ sínú fáìlì rẹ̀: pé irọ́ ni àwáwí tó ṣe.

7. Ọmọ náà ti sọ fún Dókítà pé àṣà ilé wa ni, pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú kì í jáde kí ogójì ọjọ́ tó pé. Dókítà pe Suwaibat, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí òun náà jẹ́ Mùsùlùmí, Suwaibat sì ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Dókítà tún bi Motọ́láyọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin náà jókòó sílé. Ó dáhùn bó ṣe rí, pé ẹ̀gbọ́n òun padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹsàn-án tí ìyá àwọn kú. Nítorí ìdáhùn yẹn ni Dókítà fi kọ “irọ́.” N kò bínú pé ó wádìí. Ẹjọ́ tí mo mú wá ni pé ó wádìí lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, kò sì wádìí lọ́wọ́ èmi tí mo mọ̀. Nọ́ńbà fóònù mi wà nínú fọ́ọ̀mù tí ọmọ náà kọ nígbà tó wọlé. Kò sẹ́ni tó pè mí. Bí wọ́n bá pè mí, ọ̀rọ̀ náà kì bá tí gba ìṣẹ́jú kan.

8. Kò sí àṣà bẹ́ẹ̀ ní ilé wa. Kò sí i nínú ẹ̀sìn, kò sí i ní ìran Ọdẹ́yẹmí. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn èèyàn tú ká, Ọládayọ̀ padà sọ́dọ̀ ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó ku èmi àti Motọ́láyọ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kejì, ó múra, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ fọwọ́ sí i. Kí aago méjì tó lù, mo ti dé.” Mo dìde, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, “Nílé tiwa, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú kì í jáde kí ogójì tó pé. Bí o bá kọjá ibi tí mo dúró sí yìí, ìyá rẹ lo kẹ̀yìn sí.” Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọlé. Àlùfáà tó ṣàdúrà fún wa yà wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó bi mí ibi tí mo ti rí irú òfin bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó má dá sí ọ̀rọ̀ ilé mi.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò lè dá nìkan wà nínú yàrá àti pálọ̀ yẹn láti àárọ̀ di aago méjì. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ sínú ikùn ọkọ̀ òkun tí èèyàn kì í ti í rí ọwọ́ ara rẹ̀, ẹ̀rù kò bà mí níbẹ̀. Pálọ̀ tí oòrùn ń ràn sí ló bà mí lẹ́rù.

Nígbà tí mo dé ibí yìí, Ọládayọ̀ gbé kálàmù sílẹ̀, ó bi mí bóyá kí òun kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

9. Nítorí náà, Motọ́láyọ̀ kò purọ́ fún yín. Ohun tí bàbá rẹ̀ sọ fún un ló sọ, ó sì gbà á gbọ́, nítorí pé kò tíì bá irọ́ lẹ́nu mi rí. Bó bá jẹ́ dandan kí irọ́ wà nínú fáìlì yẹn, orúkọ mi ni kí ẹ kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

10. Ohun tí mo dì mú náà ti bọ́. Láti oṣù Kọkànlá tí ẹ ti kọ̀ fún un, Motọ́láyọ̀ kò wá sílé mọ́. Ọ̀dọ̀ Ogechi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló wà ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọládayọ̀ ló máa ń bá mi kí i. Ó ti sọ fún Ọládayọ̀ pé bí ó bá di ọdún márùn-ún, òun á fi ìwé sílẹ̀. Ó ti rí àwọn tó fẹ́ gbà á ní ibùdó ọkọ̀ akẹ́rù kan ní Coconut, kí ó máa kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ìyá rẹ̀ fi agolo tò.

Ní tèmi, Ebimobowei tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa máa ń kan ilẹ̀kùn mi láràárọ̀ láti mọ̀ bóyá mo jí. Mo máa ń dáhùn, á sì lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá èèyàn sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Kì í ṣe kí ẹ lè ṣàánú mi ni mo ṣe sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìyà ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ ẹni tó ni ín, kò sì yẹ kó jẹ ẹlòmíràn mọ́ ọn.

11. Mo mọ̀ pé ọpọlọ ọmọ kì í ṣe ikùn ọkọ̀, ẹ̀yin lẹ sì mọ iṣẹ́ yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà kan, ẹ̀rọ ńlá méjì tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ kò tètè dé èbúté. Fóòmáànù wa kò ní kí ọkọ̀ dúró di oṣù tó ń bọ̀. Ó ní kí a dá àyè wọn sí, kí a fi igi ti ẹrù tó yí i ká, kí a máa bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n dé, a sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí àyè wọn. Ọkọ̀ gbéra lọ́jọ́ tó yẹ kó gbéra, kò sì dojú dé. Ohun tí ojú ìwé kọkànlélógún sọ kò yàtọ̀ sí èyí. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ ọ́ ti mọ̀ pé ẹrù lè pẹ́ dé láìjẹ́ pé ẹlẹ́rù ló jẹ̀bi.

12. Ohun méjì ni mo wá bẹ̀ yín fún. Èkíní, kí ẹ pa ọ̀rọ̀ irọ́ rẹ́ nínú fáìlì Motọ́láyọ̀, kí ẹ sì fi ìwé yìí rọ́pò rẹ̀. Èkejì, kí ẹ fún un ní ìjókòó nínú Jẹnẹ́tíìkì Kìíní, kí ẹ sì gbà á láyè láti ṣe é pọ̀ mọ́ Jẹnẹ́tíìkì Kejì ní sáà tó ń bẹ̀rẹ̀ yìí. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì ni ìforúkọsílẹ̀ yóò parí, nítorí náà mo bẹ̀ yín pé kí èsì má pẹ́. Bí ó bá ṣe méjèèjì pọ̀ tí kò yege, a ó gba ọdún kan náà mọ́ra, n kò sì ní kọ̀wé sí yín mọ́.

13. Láti òní lọ, mo fi ọ̀rọ̀ yìí lé Ọládayọ̀ lọ́wọ́. Òun ni yóò gbé ìwé yìí wá, òun ni yóò sì dúró gba èsì. Ẹ má pè mí. N kò gbọ́ ohùn inú fóònù dáadáa mọ́, bí ẹ bá sì pè mí, mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí fún ara mi. Motọ́láyọ̀ kò tíì mọ ohun tó wà nínú ìpínrọ̀ kẹjọ. Kí Ọládayọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ yín, yóò kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀, yóò ka gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní kí ó má fo ibì kankan. Mo sì ti kìlọ̀ fún un pé tó bá kà á tán, kò gbọdọ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ó wá kí mi. Bí ẹ bá gbà, Ọládayọ̀ ni kí ẹ sọ fún. Bí ẹ bá kọ̀, òun náà ni kí ẹ sọ fún. Òun ni yóò mọ ohun tí wọn yóò ṣe, òun àti àbúrò rẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín ní òtítọ́,

(Àtẹ̀ka ọwọ́ òsì)

Rájí Ọdẹ́yẹmí,
Òṣìṣẹ́ èbúté tó ti fẹ̀yìn tì,
Bàbá akẹ́kọ̀ọ́.