Ẹ̀rù Tó Pa Akínlolú

Agbowó, Ìbàdàn,
Oṣù Kẹsàn-án, 1992.

Ọmọ́bọ́láńlé, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Jọ́ọ̀sì? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ń mu ọmú dáadáa? Mo ń bẹ Olúwa kí òtútù ibẹ̀ má wọ̀ yín lára. Ara tèmi le, ọkàn ni kò le.

O bi mí nínú lẹ́tà rẹ pé báwo gan-an ni àbúrò rẹ ṣe kú. Nígbà tó ṣẹlẹ̀, oyún rẹ ti wọ oṣù tí o máa bímọ, bàbá rẹ sì ní kí a má kọ kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́. Ní báyìí tí o ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, ó yẹ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

O rántí pé ọkọ̀ gbá Akínlolú ní Ìwó Road. Abẹ́rẹ́ apàrora ni wọ́n fi ń rọ̀ ọ́ lára nílé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán san, ó padà sídìí fíríìjì tó ń tún ṣe ní Bódìjà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò gbàgbé abẹ́rẹ́ náà. Ó ń rà á ní kẹ́mísì tí kì í béèrè ìwé dókítà, ó ń gún un fúnra rẹ̀. Ọmọ tó ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín wá di ẹni tó ń tòògbé nídìí oúnjẹ. A bínú, a bẹ̀ ẹ́, a gbààwẹ̀ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Á ní, "Màámi, mo máa fi í sílẹ̀." Mo mọ̀ pé ó wù ú lóòótọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, òun àti Bùsàrí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ wà ní yàrá. Akínlolú gún abẹ́rẹ́, ó sùn, èémí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀. Bùsàrí fẹ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ̀rù bà á, torí ó mọ̀ pé ẹni tó bá gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wá, àgọ́ ọlọ́pàá ló ń sùn. Ó ń da omi tútù lé e lórí, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tó fi máa sáré wá pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ara rẹ̀ ṣì gbóná nígbà tí mo dé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwa ìyá àdúgbò lọ sí káńsù, a ní kí wọ́n gbógun ti abẹ́rẹ́ náà. Alága tètè dá wa lóhùn. Wọ́n ti kẹ́mísì pa, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́, Bùsàrí pẹ̀lú, wọ́n nà wọ́n, wọ́n sì tì wọ́n mọ́ àgọ́ ọlọ́pàá. A pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tí abẹ́rẹ́ náà tún fi ń lọ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, a bá òkú Fọláyọ̀, ọmọ onílé wa, nínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí, abẹ́rẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ti sá lọ.

Ni mo bá padà sí káńsù. Mo dìde níwájú wọn. Mo ní, "Ẹ̀yin alàgbà, ẹ ti kẹ́mísì pa, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọlọ́pàá ni kò jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ mi dé ọ̀dọ̀ dókítà." Káńsẹ́lọ̀ kan ní, "Màmá, ṣé kí á wá máa kẹ́ àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ kiri ni?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yè ná. Òkú ò ṣeé bá wí." Ìyáàfin Ọmọ́níyì, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì káńsù, ń nu ojú.

Òun ló dúró ti ọ̀rọ̀ náà títí alága fi gbà pé nílé ìlera tiwọn níbí, wọn ò ní fa ẹnikẹ́ni tó bá gbé aláìsàn wá lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Wọ́n tú Bùsàrí sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bùsàrí pọn ọ̀dọ́kùnrin kan sẹ́yìn wọ ibẹ̀, ọmọ náà sì yè. Mo lọ wò ó. Ìyá rẹ̀ ń fún un lẹ́kọ mu, ó ń bú u, ó tún ń nù ún lẹ́nu. Mo kí i kú ewu ọmọ. Mo jáde sétí títì, mo sunkún débi tí onítakisí kan fi dúró béèrè ohun tó ṣe mí. Inú mi dùn, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí èmi náà rí ọmọ mi bú.

Olúwa yóò dá ọmọ rẹ sí fún ọ. Ojú rẹ ò ní rí ohun tí ojú mi rí. Ìwọ ni wàá jẹun ọmọ, òun ni yóò sin ọ́. Bàbá rẹ ń kí yín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Ọlọ́runtóyìn Akínbíyìí.

Àfikún: Bí àwọn ará ilé bá kọ̀wé sí ọ pé mò ń fún Bùsàrí lóúnjẹ, má bínú. Ọwọ́ rẹ̀ ni àbúrò rẹ dìmú kẹ́yìn.