Yéjídé Ní Ẹnikẹ́ni Kò Ní Gbé Òun Wọlé

Ọjọ́ Ajé, 3 Nòfẹ́ńbà 2025
Ọmọ́yẹlé dé láti Ìsánlú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Wọ́n fẹ́ pàtẹ àwọn aṣọ òfì àtijọ́ ilẹ̀ Okun sí gbọ̀ngàn ìlú ní Kàbà níbí, òun ló sì máa ṣètò ẹnu ọ̀nà àti pátákó ìtọ́nà; iṣẹ́ tó kàwé fún nìyẹn. Mo ní, "Ó ti pẹ́ tí ẹnu ọ̀nà ilé mi ti ń ṣí, kò sì kàwé." Ó ní, "Bàbá, ẹ ò ní í yí padà."
Aṣọ pupa tí Yéjídé ìyàwó mi hun nígbà ọmọge ní Bùnù wà lára wọn. Ògo ni fún Ọlọ́run!
Ṣùgbọ́n Gómìnà — Yéjídé náà ni, òun ló ń ṣèjọba ilé — ní òun kò lọ. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú un léṣìí, orí àga onítáyà ló wà. Kò tíì jáde láti ìgbà náà, títí kan ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́rú, 5
Àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ga bí igi àgbọn. Délé alága ìgbìmọ̀ (Ikùn-ló-ṣíwájú ni mò ń pè é) ní kò burú, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin á gbé Yéjídé wọlé tàga-tàga.
Mo jíṣẹ́ nílé. Háà.
"Bàbá Ọpẹ́dayọ̀, aṣọ ẹ̀yẹ òkú ni mo hun. Ọkùnrin mẹ́rin á wá gbé mi wọlé lọ bá a? Kí ló kù? Kí ẹ dárin?"
Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà n ò lè rín in mọ́. Àwọn tí wọ́n ń gbé lọ bá aṣọ yẹn ní Bùnù kì í fẹsẹ̀ ara wọn padà.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ọmọ́yẹlé rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Gómìnà ní, "Ṣé ewúrẹ́ ni mí?" Ọ̀rọ̀ parí.

Àbámẹ́ta, 8
Ọmọ́yẹlé ta kú: ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí táyà lè gùn ni kó wà níwájú, kí ọba àti ọmọdé jọ gba ibẹ̀. Délé ní ilé ọlá kì í ṣe gáráàjì mọ́tò. Mo ní, "Délé, ikùn yìí, ọdún mélòó ló tún fẹ́ fi gun àtẹ̀gùn?" Gbogbo ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Aláìnítìjú àgbà!" ló pè mí. Ṣùgbọ́n ó gbà.

Ọjọ́ Ajé, 17
Wọ́n ti fi kọnkéré ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Gómìnà ń sùn — mo jí àga rẹ̀ lọ dán ọ̀nà wò. Bíríkìlà tì mí gòkè. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, èmi ọkùnrin. Yéè! Inú òkìtì yanrìn ni mo bá ara mi, ẹsẹ̀ lókè. Ọmọ́yẹlé figbe ta. Nígbà tó rí i pé mi ò kú, ó ní ọ̀nà náà ga jù, òun máa fà á gùn sí i.
Mo sọ fún Gómìnà. Ó kọ́kọ́ bú mi nítorí àga. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti èṣí ni n ò ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ìhà ń dùn mí. Mo dúpẹ́.

Ẹtì, 21
Ọ̀nà ti gùn, ó nírin ìdìmú. Pátákó náà ní lẹ́tà gàdàgbà, ó wálẹ̀ kí ẹni tó jókòó lè kà á, àwòrán wà fún aláìmọ̀wé. Ọmọ́yẹlé ní kí n kà á lókèèrè láìlo awò. Mo kà pé: "Ẹ fún bàbá yìí lẹ́ran." Ó lé mi.

Àbámẹ́ta, 22
Gómìnà ní òun máa lọ wo ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà nìkan o.

Àìkú, 23
Ìpàtẹ ṣí lónìí. Gómìnà fọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà. Mo wà lẹ́yìn — ó ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó dúró láàárín, ó mí. Délé náà dúró, ó mí ju ìyẹn lọ. Wọ́n jọ gòkè.
Gómìnà wọlé, ó wo aṣọ pupa náà títí. "Okun o," ló wí, bí a ṣe ń kí ara wa nílẹ̀ wa. Gbogbo ilé dáhùn. Èmi ń wo ògiri. Ògiri dára.

Ọjọ́rú, 26
Ojoojúmọ́ ló ń lọ báyìí. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kí àlejò, ó ń júwe ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò ka pátákó Ọmọ́yẹlé mọ́. Mo fẹ́ tẹ̀lé e lónìí. "Ẹ dúró sílé, Bàbá Ọpẹ́dayọ̀. Ẹ máa ń dínà."
Èmi nìkan se iṣu. Ó jóná. Mo jẹ ẹ́ tán. Olúwa, o ṣeun.